Oorun Òru àti Iná Abẹ́ Eérú: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìyá tí Nǹkan Oṣù Wọn Ń Dáwọ́ Dúró

Àwọn àgbà a máa wí pé, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí ó wà láàárín ọdún 45 sí 55 ni ó ń fi iná sínú ara sùn lálaalẹ́, tí wọn kò sì mọ̀. Ìyá oníṣòwò kan tí ó ti ń sùn fọnfọn láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí jí ní aago méjì òru. Aṣọ rẹ̀ yóò ti rin gbingbin fún òógùn, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì. Yóò dìde, yóò ṣí ìlẹ̀kùn, yóò lọ jókòó sí ìloro kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ará ilé yóò wí pé ibà ni. Wọn yóò ra oògùn ibà fún un lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn náà kì yóò sì dá. Aládùúgbò tí ó bá rí i níta ní ààjìn yóò máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, Kí ni obìnrin yìí ń wá níta nígbà tí gbogbo ayé ń sùn? Báyìí ni a ṣe ń fi owó ṣòfò lórí àrùn tí kò sí, tí a sì ń fi orúkọ burúkú kan ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé àìsùn ìyá yìí ní ìdí tí a lè mọ̀, kì í ṣe èèdì, kì í sì í ṣe àjẹ́. Èkejì ni pé kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí oorun tí ó ń já lálaalẹ́ a máa jẹ́ kí iná kan máa rú lábẹ́lẹ̀ nínú ara, iná náà a sì máa ba ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti eegun jẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé àtúnṣe wà fún un.

I. Bí nǹkan oṣù ṣe ń dáwọ́ dúró

Gbogbo ọmọbìnrin ni a bí pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bí i, ẹyin náà tó mílíọ̀nù 1 sí 2 nínú àpò ẹyin méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dínkù, a kì í sì í fi òmíràn kún wọn. Nígbà tí ó bá fi bàlágà, nǹkan bí 300,000 sí 400,000 ni yóò kù. Àpò ẹyin yìí kan náà ni ó ń pèsè họ́mọ̀nù tí a ń pè ní estrogen, èyí tí ó dàbí ìránṣẹ́ tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ọkàn, eegun, awọ ara àti ilé ọmọ. Ní 1929 ni Edward Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì, olúkúlùkù níbi iṣẹ́ tirẹ̀, kọ́kọ́ yọ ọ̀kan nínú irú họ́mọ̀nù yìí sọ́tọ̀ ní mímọ́ gaara.

Bí ẹyin bá ti ń tán lọ, estrogen a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ láìní ìlànà, títí yóò fi lọ sílẹ̀ pátápátá. Nǹkan oṣù yóò kọ́kọ́ máa yí ọjọ́ padà. Yóò yá ní oṣù kan, yóò pẹ́ ní oṣù mìíràn. Yóò pọ̀ nígbà kan, yóò sì kéré nígbà mìíràn. Èyí lè gba ọdún mélòó kan. Nígbà tí oṣù 12 bá kọjá gbáko tí obìnrin kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí kì í sì í ṣe oyún, ọmọ tí ó ń mu ọmú tàbí àrùn ni ó fà á, nígbà náà ni a tó lè wí pé ó ti dáwọ́ dúró. Kí oṣù 12 yìí tó pé, obìnrin ṣì lè lóyún. Charles de Gardanne, oníṣègùn ará Faransé kan, ni ó fún àkókò yìí ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é títí di òní, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1821.

Jákèjádò ayé, àárín ọdún 45 sí 55 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé nǹkan bí ọdún 48 ni ìwọ̀n rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n bi léèrè. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró kí ó tó pé ọdún 40 ní láti lọ rí dókítà. Obìnrin tí a bá sì fi iṣẹ́ abẹ yọ àpò ẹyin rẹ̀ méjèèjì, òjijì ni àkókò yìí yóò dé bá a, ooru rẹ̀ a sì máa le ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kórajọ sínú ikùn, ó sì ń di àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọmọ kò pèsè ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ni. Kò sí ohunkóhun tí ó ń kórajọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu àgbo láti fa nǹkan oṣù tí ó ti parí jáde.

II. Ooru òjijì àti òógùn òru

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ẹ̀ka kékeré kan wà tí ń ṣọ́ ooru ara gẹ́gẹ́ bí alásè ti ń ṣọ́ iná ìdí ìkòkò. Bí ara bá gbóná jù, yóò pàṣẹ kí òógùn jáde. Bí ó bá tutù jù, yóò pàṣẹ kí ara máa gbọ̀n. Láàárín àṣẹ méjèèjì, àyè kan wà tí ó fi ń gba ìyípadà kékeré mọ́ra. Nígbà tí estrogen bá lọ sílẹ̀, àyè yìí a fún pọ̀. Ooru kékeré tí ara kì bá tí kà sí tẹ́lẹ̀ yóò wá dàbí iná ńlá. Lẹ́sẹ̀ kan náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ yóò ṣí sílẹ̀, ojú àti àyà yóò gbóná, ọkàn yóò máa sáré, òógùn yóò bo gbogbo ara, òtútù yóò sì tẹ̀lé e. Ìṣẹ́jú 1 sí 5 ni ó sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n ó lè dé lẹ́ẹ̀mélòó kan ní òru ọjọ́ kan.

Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní SWAN bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn obìnrin wọlé ní Amẹ́ríkà ní 1996. Obìnrin 3,302 ni ó gbà ní ibùdó 7, àwọn aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, ọmọ Ṣáínà, ọmọ Jàpáàn àti àwọn tí ìran wọn ń sọ èdè Sípéènì. Àbájáde tí a tẹ̀ ní 2015 fi hàn pé láàárín àwọn tí ooru òjijì ń bá léraléra, ó pẹ́ ju ọdún 7 lọ lára ìdajì wọn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó pẹ́ ju ọdún 10 lọ lára ìdajì. Amẹ́ríkà kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, oúnjẹ àti iṣẹ́ kò dọ́gba. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí ń gba ọdún 7 tàbí 10 kì í ṣe ohun tí ìyá lè kàn di eyín mọ́ títí yóò fi kọjá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òru oṣù Èrèlé àti ti Ẹrẹ̀nà ni ó le jù fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ògiri àti páànù gbóná ní gbogbo ọ̀sán, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì dé. Ooru ti ìta yóò bá ooru ti inú pàdé.

III. Iṣẹ́ tí oorun ń ṣe

Àgbẹ̀ tí ó fi oko sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ gba agbára padà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oorun rí. Ìpele ìpele ni ó ń lọ, ìyípo kọ̀ọ̀kan a máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, a sì máa tó mẹ́rin tàbí márùn-ún ní òru kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun ìjìnlẹ̀ pọ̀ jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, oorun àlá ni ó máa ń pọ̀. Ní 1953 ni Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Chicago fi hàn pé ojú ẹni tí ń sùn a máa yí kánkán lábẹ́ ìpéǹpéjú ní irú oorun kejì yìí. Nínú oorun ìjìnlẹ̀, ọkàn a máa lù jẹ́jẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, ara a sì máa tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe.

Àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà fi ohùn ṣọ̀kan ní 2015 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn tó wákàtí 7, ó kéré tán, lóru. Ṣùgbọ́n iye wákàtí nìkan kọ́ ni a ń wò. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ fún wákàtí 8 tí ó sì jí nígbà mẹ́fà kò sinmi tó ẹni tí ó sùn wákàtí 7 láìjí.

Ooru òjijì nìkan kọ́ ni ó ń já oorun ìyá ní àkókò yìí. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ọ̀pọ̀ obìnrin tí kì í hanrun tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Nínú wọn ni a ti ń rí àwọn tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ń dí lójú oorun, tí èémí wọn ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí wọn yóò sì ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé. Ìtọ̀ a máa jí àwọn mìíràn. Àníyàn náà kò kéré: owó ilé ìwé ọmọ, gbèsè ọjà, ìtọ́jú òbí tí ó ti darúgbó. Ọ̀pọ̀ ẹrù wọ̀nyí ni ó máa ń wọ ìyá lọ́rùn ní àkókò kan náà.

IV. Iná abẹ́ eérú

Bí ẹ̀gún bá gún àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò gbóná, yóò wú, yóò sì máa ro ó. Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan ní ọ̀rúndún kìíní, ti ka àmì mẹ́rin wọ̀nyí sílẹ̀. Gbígbiná ara ni ẹ̀kọ́ yìí yóò máa pè é. Kì í ṣe ọ̀tá ènìyàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ-ogun ara, ni ó ń sáré lọ bá kòkòrò àrùn jà níbẹ̀. Bí ogun bá parí, iná yóò kú, ẹsẹ̀ yóò sì jinná.

Ṣùgbọ́n irú gbígbiná mìíràn wà tí kò ní ẹ̀gún, tí kò ní egbò, tí ojú kò sì lè rí. Ó dàbí ẹyin iná tí eérú bò mọ́lẹ̀ nínú ààrò: ẹni tí ó ń kọjá yóò rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí a bá fi koríko gbígbẹ kàn án, yóò ràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń rán ìránṣẹ́ ogun káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kò sí ogun. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ni interleukin-6. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò tú èròjà mìíràn tí ń jẹ́ C-reactive protein sínú ẹ̀jẹ̀. William Tillett àti Thomas Francis ni ó kọ́kọ́ rí èròjà yìí ní 1930, ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe. Lónìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ iye rẹ̀, a sì ń fi mọ bí iná abẹ́ eérú náà ti pọ̀ tó.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú oorun? Ní 2016, Michael Irwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles kó ìwádìí 72 jọ, èyí tí ó kan àwọn ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ. Wọ́n rí i pé C-reactive protein àti interleukin-6 pọ̀ lára àwọn tí oorun wọn ń bàjẹ́ ju ti àwọn tí ń sùn dáadáa lọ. Ṣáájú èyí, ní 2008, wọ́n ti tẹ ìwádìí kékeré kan jáde nínú èyí tí wọ́n mú kí àwọn ọkùnrin àti obìnrin tí ara wọn le pàdánù apá kan oorun òru kan ṣoṣo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àmì gbígbiná ti ta nínú sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn obìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọkùnrin.

Ohun mẹ́ta ni ó wá pàdé lára ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dúró. Estrogen, tí ó ti máa ń bá ara ká iná yìí lọ́wọ́ kò tẹ́lẹ̀, ti ń lọ. Ọ̀rá a máa kúrò ní ìdí àti itan, a máa kórajọ sí ikùn, ọ̀rá inú ikùn pẹ̀lú sì ń tú ìránṣẹ́ ogun jáde. Oorun, tí ì bá fi omi wọ́n iná náà lálaalẹ́, ń já. Bẹ́ẹ̀ ni iná yìí tìkára rẹ̀ a tún máa ba oorun jẹ́, nítorí oríkèé tí ń ro ni kò jẹ́ kí a sùn. Èkíní ń ti èkejì, èkejì ń ti èkíní.

Ewu rẹ̀ kì í hàn ní ọjọ́ kan. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gbígbiná a máa jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ara ògiri iṣan, títí ọ̀nà yóò fi há. Lára eegun, ó ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ eegun sókè. Nínú ẹran ara, kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Kò sí àrùn tí ń pa obìnrin ní ayé tó àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá sì ti dúró ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe oorun nìkan ni ó ń fa àrùn wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé òru kan tí òun kò sùn ni yóò pa òun. Ọ̀pọ̀ oṣù àti ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ náà.

V. Àwọn àrùn tí ó jọ ọ́

Kí a tó wí pé ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ni ó ń mú ìyá làágùn lóru, ó yẹ kí a wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ibà. Òógùn ibà a máa bá ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ìgbọ̀nrìrì rìn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka tó láti fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá wí pé kò sí ibà, kò yẹ kí a tún máa gbé oògùn ibà mì.

2. Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tí ó ń làágùn lóru, tí ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń rù, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ láìjáfara.

3. Gẹ̀gẹ̀. Bí ọrùn bá wú, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ara sì ń rù bí a tilẹ̀ ń jẹun dáadáa, ó lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ ọrùn ni ó ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

4. Àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ìtọ̀ ń jí léraléra, tí òùngbẹ sì ń gbẹ púpọ̀, kí ó jẹ́ kí a wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

5. Ẹ̀jẹ̀ tí ó padà wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún hàn lẹ́yìn tí oṣù 12 ti pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kì í ṣe ohun ayọ̀, kì í sì í ṣe pé èwe padà dé. Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a lọ lọ́sẹ̀ náà gan-an.

VI. Ohun tí ìyá lè ṣe nílé

1. Kí ó máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìsinmi. Aago jíjí ni ó ń tún aago sísùn ṣe.

2. Bí oorun kò bá wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ máa yí kiri. Kí ó dìde, kí ó jókòó jẹ́jẹ́ níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ó sì padà nígbà tí ojú bá tún wúwo. Orí ibùsùn kì í ṣe ibi ìṣírò gbèsè, kì í sì í ṣe ibi wíwo fóònù.

3. Kí ó má ṣe sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú 20 tó.

4. Obì, kọfí àti tíì ní káfíìnì nínú. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Nítorí náà, obì tí a jẹ ní ìrọ̀lẹ́ lè jí ènìyàn lóru. Kí ó jẹ tirẹ̀ ní òwúrọ̀, tàbí kí ó fi í sílẹ̀.

5. Ọtí a máa mú kí oorun tètè dé, ṣùgbọ́n yóò já a ní ìdajì òru, a sì máa ru ooru òjijì sókè lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Tábà, sìgá àti aṣáà kò ṣe ara ní rere; wọ́n ń fi igi kún iná abẹ́ eérú ni.

6. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ó fi sùn, kí ó sì fi òmíràn tí ó gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Kí ó gbé ife omi tútù sí ìtòsí. Kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí a sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn, kí a má bàa sá fún ooru kí a sì bọ́ sọ́wọ́ ibà.

7. Kí ó jẹ oúnjẹ alẹ́ ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, kí ata má sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, èso, ẹ̀pà àti ẹja dára púpọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegunteegun ń gbé eegun ró.

8. Kí ó máa rìn kánkán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyá tí ó ń jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ilé, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn èyí tí ó kù. Bí ikùn bá ti ń fà sẹ́yìn, iná náà yóò máa rọlẹ̀, híhanrun pẹ̀lú yóò sì dínkù.

VII. Ohun tí dókítà lè ṣe

Fún àìsùn tí ó ti pẹ́, oògùn kọ́ ni ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ ń nà sí. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ara ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ẹ̀kọ́ tí ń tún ìwà àti èrò nípa oorun ṣe ni kí a fi ṣáájú fún gbogbo àgbàlagbà. Èkíní, èkejì àti ẹ̀kẹta lókè yìí jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún kan náà, ìwádìí kan dán an wò láàárín obìnrin 106 tí ooru òjijì àti àìsùn ń dà láàmú. Lórí fóònù ni a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Oorun àwọn tí a fi kọ́ sì dára ju ti àwọn yòókù lọ.

Oògùn họ́mọ̀nù pẹ̀lú wà, èyí tí ń dá estrogen padà sínú ara. Ẹ̀rù rẹ̀ ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2002, nígbà tí a dá apá kan ìwádìí Women's Health Initiative dúró ní Amẹ́ríkà, èyí tí obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú, àrùn ọkàn, ẹ̀gbà àti ẹ̀jẹ̀ dídì ti pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tí ń lo oògùn náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọdún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn tó 63 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò, àwọn oníṣègùn gbà pé fún obìnrin tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró tó ọdún 10, tí ooru òjijì sì ń yọ lẹ́nu, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Kì í ṣe fún ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀gbà tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì rí. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lo estrogen nìkan láìsí họ́mọ̀nù kejì tí ń dáàbò bo ilé ọmọ. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mọ̀nù, fezolinetant, tí ń bá ẹ̀ka ọpọlọ tí ń ṣọ́ ooru ṣiṣẹ́. A ní láti máa yẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó wò. Ẹni tí ó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, kí ó sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún. Oògùn oorun tí a rà fún ara ẹni a máa di bárakú, a sì máa gbé ìyá ṣubú lóru, eegun rẹ̀ yóò sì kán. Oògùn ara ríro tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láti pa iná inú ara lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jà.

VIII. Ojúṣe ará ilé

Ìyá kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí ìtìjú. Nítorí náà, ọkọ ní láti mọ̀ pé ìyàwó òun tí ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì kò bínú. Ooru ni ó ń sá fún. Àwọn ọmọ ní láti mọ̀ pé ìyá tí ó ń kanra ní òwúrọ̀ kò sùn ní òru. Kí wọ́n gba iṣẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè rí àyè fi ojú kan oorun. Ẹni tí ó bá sì rí ìyá àgbà ní ìloro ní ààjìn, kí ó má ṣe yára sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ìyá náà ń wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ni a ti fi irú àròsọ bẹ́ẹ̀ lé kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tí ife omi tútù, aṣọ gbígbẹ àti ìrìn àjò kan sí ilé ìwòsàn ì bá ti tó.

Àrùn tí ó ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Kò sí ìyá kan tí ó dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí èyí tí ó ti rí àtúnṣe sọ fún èkejì ní ìsọ̀, ní odò àti ní ìpàdé ẹgbẹ́.

Ìbéèrè fún ìdánwò ara ẹni

1. Oṣù mélòó ni ó gbọdọ̀ kọjá kí a tó lè wí pé nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró?
2. Kí ni ó fà á tí ooru òjijì fi ń dé?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbígbiná ti ẹ̀gún ẹsẹ̀ àti iná abẹ́ eérú?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ń fi igi kún iná náà lára ìyá ní àkókò yìí.
5. Kí ni ó yẹ kí a ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá tún hàn lẹ́yìn oṣù 12?
6. Ta ni nínú ilé rẹ tí kì í sùn lóru, kí ni ìwọ sì ti ṣe fún un?